Abẹ́rẹ́ Okun Tí Wọ́n Ń Gún Zoona

Ilé wa kọjú sí ilé Zoona ní Bandipora, ìlú olótùútù kan láàárín àwọn òkè ńlá. Irun ewúrẹ́ ló ń ran ní òwú, òwú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé àwọn ahunṣọ máa ń dúró dè é kí wọ́n tó gba ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ Dilshada, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí tó fi di olùkọ́.

Àmọ́ ẹni tó ti jókòó nídìí kẹ̀kẹ́ òwú láti ìgbà ọmọge, orúnkún rẹ̀ á sọ̀rọ̀ níjọ́ kan. Ti Zoona dùn ún débi pé ó ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Dókítà eegun ní oòrùn kì í kàn án lára tó, pé fítámì tí oòrùn ń fúnni ti dínkù lára rẹ̀. Ó ní kó gba abẹ́rẹ́ kan lóṣù fún ìgbà díẹ̀, kó sì padà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Zoona rìn wá sílé wa láìdi nǹkan mú, ó mu tíì oníyọ̀ tí a máa ń mu ládùúgbò wa, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni arúgbó báyìí. Inú ìyá àti ọmọ dùn débi pé wọn ò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Ọkùnrin tó ń ta oògùn lójú títì sọ fún Dilshada pé fítámì kì í pani lára, pé nígbàkígbà tó bá ti rẹ ìyá rẹ̀, kó máa mú un wá. Bí abẹ́rẹ́ oṣooṣù ṣe di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ò wu Zoona jẹ mọ́. Ó ń bì, kò rí ìgbẹ́ yà, òùngbẹ ò sì jẹ́ kó sinmi. Bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sí i ni Dilshada ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́ sí i, tó sì ń fi wàrà gbígbóná lé e. Mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Dilshada ní kí okun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Zoona tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ìyá rẹ?"

Dilshada sáré wá pè mí láìwọ bàtà.

Ọ̀nà Srinagar, ìlú tí ọsibítù ńlá wà, ń yọ̀ nítorí òjò dídì, awakọ̀ ò sì lè sáré. Zoona ń sùn, à ń jí i, ẹ̀rù ń bà wá pé kò ní dáhùn. Ní ọsibítù, Dókítà Tabinda bèèrè oògùn tó ń lò. Dilshada ní kò lo nǹkankan. Èsì àyẹ̀wò dé: èròjà tó ń mú eegun le ti pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, pé àwọn máa wá a nínú eegun.

Dilshada sunkún títí. Nígbà tó ṣe, ó yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì, ó na án sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gún Màmá ní èyí, kí wọ́n lè lókun."

Dókítà gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo bi yín léèrè oògùn, ẹ ní kò sí."

"Fítámì ni, Dókítà. Kì í ṣe oògùn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti gún un?"

Dilshada ń fi ìka ka ọ̀sẹ̀, ìka rẹ̀ ò tó.

Dókítà jókòó tì í. Ó ní fítámì inú ọsàn, bó bá pọ̀ jù, ìtọ̀ ló sábà ń gbé e jáde, ṣùgbọ́n èyí ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara, ó ń ga bí òkìtì. Òun gan-an ló kó èròjà tó ń mú eegun le jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wàrà, tí èròjà yẹn pọ̀ nínú rẹ̀, tún ń kún un.

Wọ́n fa omi sí Zoona lára, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà. A ò mọ̀ bóyá yóò yè é. Dilshada ò kúrò níbẹ̀, ìtọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń wò bóyá ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, Zoona lajú, ó ní, "Dilshada, ṣé o ti jẹun? O ti rù."

Ó padà sídìí kẹ̀kẹ́ òwú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín náà ò padà bọ̀ sípò tán. Títí di òní, bí Zoona bá bèèrè omi lẹ́ẹ̀mejì, àyà Dilshada á já.

Nígbà tá a kúrò ní ọsibítù, Dilshada fúnra rẹ̀ lọ bá ọkùnrin tó ń ta oògùn. Mo tẹ̀ lé e, mo rò pé ìjà la ń lọ jà. Ó rọra sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní ìyàwó òun náà ń gba abẹ́rẹ́ yẹn, pé ó ti ń bì láti ìjẹta. Kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó fi sáré gba ilé lọ.