Irú Tó Bo Tòlótòló

Ọjọ́ tí èmi àti Màmá mi gbé ẹran tòlótòló gba bọ́dà Ìlárá tí ìjọba tì pa kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Màmá to ẹran sísàlẹ̀ fíríìjì kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, ó da irú bò ó, kí òórùn irú lè lé àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n ní ká pa ọkọ̀, wọ́n dá wa dúró mọ́jú. Fíríìjì kú, omi ẹran tó ti jẹrà sì ru wọ inú irú.

Nígbà tí ọ̀gá wọn ṣí i, mo dímú.

"Irú lásán ni, sà," ni Màmá wí.

Ọ̀gá tìka bọ̀ ọ́, ó lá a. "Irú gidi nìyí! Ẹ bù fún mi."

Màmá ń bù ú, èmi ń bì.

Títí dòní, ẹni bá yin irú lójú mi máa ń rí mi lára.