Orúkọ Tí Adelgunde Kò Kọ Rí

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ọbẹ̀ lọ́la. Ní Vorarlberg níbí ni, lẹ́nubodè tí ilẹ̀ wa ti pàdé Súwísì, níbi tí Gebhard Fessler ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àwọn èrò.

Walburga, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n kí Gebhard tó dáyé, Walburga ti fún ọmọ mìíràn lọ́mú: Adelgunde, ọmọ ìdílé Késárì tó ń jọba lórí ilẹ̀ wa nígbà náà. Ìdílé náà ṣubú, wọ́n lé wọn nílùú, arólé wọn wá ku méjì péré, Adelgunde àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òfin ní ẹni tó bá fẹ́ padà wọlé gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pé òun kò du ìtẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ikú yá jẹ̀sín, ó jókòó sí Súwísì. Gebhard kò rí wọn rí, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń jẹ orúkọ ọmọbìnrin yẹn mọ́ oúnjẹ. Walburga a ní: "Adelgunde kì í da ọbẹ̀ sáṣọ. Adelgunde kì í sunkún."

Nígbà tí àìsàn dá Walburga dùbúlẹ̀, ìròyìn dé etí Adelgunde lódìkejì ẹnubodè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan tó ti ń hewú na ìwé sí Gebhard. Ó ti jọ̀wọ́ ìtẹ́. Nísàlẹ̀ ìwé ó kọ "Adelgunde", ó parí síbẹ̀. Àwọn ìdílé Késárì kì í kọ orúkọ bàbá. Ta ni kò mọ̀ wọ́n?

"Màmá, orúkọ bàbá yín dà?"

"Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ọ̀gá."

"Màlúù mi pàápàá lórúkọ méjì!"

Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ìyá kan ń kú lọ lókè yẹn."

"Ẹ padà lọ gba ìwé tuntun."

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Gebhard mọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Walburga di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, ṣé Adelgunde ti dé?"

"Ẹnikẹ́ni ò wá, ìyá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni Adelgunde padà. Ó ti kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sínú ìwé tuntun, gàdàgbà-gadagba, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Gebhard gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá kú lánàá. Èmi lọmọ tí ó tọ́ dàgbà. Mo mọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Kò sófin kankan tó ní kí n dá yín padà. Ó bèèrè yín, mo ní ẹ ò wá."

Obìnrin náà kò sunkún. Òótọ́ ni Walburga ń sọ.

"Ìwọ ni Gebhard? Gbogbo Kérésìmesì ló ń kọ̀wé sí mi. Pé Gebhard ti mọ̀wé kà. Pé Gebhard ti wọṣọ aṣọ́bodè. Mo kórìíra ẹ gan-an! Ọdún méje péré ni mo fi ní in. Ìwọ lo ni gbogbo ìyókù."

Gebhard lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mú mi lọ," ni obìnrin náà wí.

Gebhard ru àpò obìnrin náà gun òkè. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, Gebhard bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sétí òkú: "Ìyá, Adelgunde ti dé."

Ọdún mẹ́tàlá ló tún fi ṣiṣẹ́ lẹ́nubodè. Kò dá ẹnikẹ́ni padà nítorí orúkọ mọ́.

Mo ṣì nílò eyín mi o, nítorí náà ẹ gbọ́: èmi ni mo fi màlúù kún un. Ewúrẹ́ ni Gebhard ń sìn.