Bí Jẹ́nsinmi Ṣe Kọ́ Ìjókòó Jẹ́ẹ́

Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni o, aṣọ ìnura ni o, òun ló ń kó wọn sínú ẹ̀rọ gìrìwò, òun náà ló ń fà wọ́n jáde nígbà tí omi bá ti mú kí wọ́n wúwo bí òkúta. Bó bá fi máa délé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti gan, ìka ọwọ́ rẹ̀ á ti hunjọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé lásìkò yẹn ni kó jókòó, kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní gbígbóná, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é.

Ohun tí kò rí gan-an nìyẹn. Ajá ni kò jẹ́.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ló mú ajá náà wá. Nígbà tí ìyá ọkọ kú, tí Bàbá kò lè dá gbé mọ́, wọ́n kó wá sílé ọmọ wọn pẹ̀lú àpótí kan, àga kan, àti ajá pupa kan tó ga dé orúnkún. Jẹ́nsinmi ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, tó wá rí ìwà ajá náà, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí wọ́n ṣáà ti gbé àwo kalẹ̀, wàhálà dé. Jẹ́nsinmi á gbó, á fi èékánná ha itan èèyàn, á gbé àgbọ̀n lé etí tábìlì, itọ́ á sì máa kán tó-tó-tó. Àwọn ìbejì, ọmọbìnrin méjèèjì tí wọn ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ju búrẹ́dì sí i. Bàbá wọn, awakọ̀ tí kì í pẹ́ bínú, á pariwo mọ́ ajá. Ajá á rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré ni, á tún gbó sí i.

“Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ,” ni ọkọ máa ń wí. “Tiwa ò gbọ́ fèrè, ṣíbí nìkan ló ń gbọ́.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ajá fa aṣọ tábìlì, ọbẹ̀ gbígbóná sì dà sí Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

“Ó tó,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Lọ́la ni ajá yìí ń lọ.”

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga wọn. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé orí ajá náà, wọn ò sì gbé e kúrò. Ìyá Ìbejì rí ọwọ́ yẹn, ó nu ojú rẹ̀.

“Bó bá lọ, ta ni Bàbá á máa bá sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa bá ti jáde? Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.”

Ó mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọkùnrin náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó mi orí.

“Màámi, ajá yín ò ya wèrè. Ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó gbó, ẹ fún un. Ó ha yín, ẹ tún fún un. Ẹ wá ibì kan fún un tó máa jẹ́ tirẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ ju díẹ̀ sí i níbẹ̀. Bó bá dìde wá, kí ẹnikẹ́ni má wò ó.”

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀. Ìyá Ìbejì tẹ́ aṣọ ìnura kan tó ti gbó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ajá á kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀, wọ́n á wá jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú àwo òfìfo láti fi kọ́ ọ. Fojú inú wo obìnrin tó ti fọṣọ látàárọ̀, tó wá jókòó síwájú àwo tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, nítorí ajá! Bó bá dìde, wọ́n á wojú àwo. Bó bá padà dùbúlẹ̀, Ìyá Ìbejì á sọ èérún búrẹ́dì sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé à ń kọ́ ajá ni, àbí ajá ló ń kọ́ wa?” ni ọkọ bi í.

“Èyí tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú yín, kó ṣàlàyé fún èkejì.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fà á láṣọ. “Màámi, ojú ajá ń bẹ̀ mí.”

“Gbé ojú tìẹ sínú àwo ẹ.”

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sí àwo. Ajá kùnà lónìí, ó ṣe é lọ́la. Títí di alẹ́ kan tí Jẹ́nsinmi gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ kí wọ́n tó jẹun tán. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìró ṣíbí nìkan ló kù.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Ìyá Ìbejì ti rí àwo Bàbá. Ẹran wà bó ṣe wà. Wọ́n kàn ti ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ìgbà náà ló tó yé e pé abẹ́ àga Bàbá ni ajá máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù Bàbá ti tóbi jù wọ́n lọ, òun tó ń fọ aṣọ lójoojúmọ́ sì rò pé ẹ̀wù náà ló fẹ̀, kò mọ̀ pé Bàbá ló ń rù.

Ó dúró títí àwọn yòókù fi dìde.

“Bàbá, ẹ ò jẹun.”

“Mo ti yó, ìyàwó wa.”

“Bàbá.”

Bàbá gbé ọwọ́ sí ẹnu. Wọ́n wá yọ eyín àtọwọ́dá wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Èrìgì wọn ti bó, ó pọ́n kankan.

“Ọjọ́ ti pẹ́. Bí mo bá ti jẹ ohun líle, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún mi ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Ta ni ǹ bá sọ fún? Bó o bá ti wọlé, ńṣe lò ń rìn bí ẹni tó ru òkè. Mo ní mi ò ní fi tèmi kún un. Ajá sì ń bá mi jẹ ẹ́.”

Inú bí i sí wọn, inú sì bí i sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó lè bínú pẹ́ lọ. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìrẹsì inú ọbẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó tì í síwájú wọn.

Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yẹ̀. Dókítà rẹ́ ibi tó ń gún wọn lára eyín náà, ó fún Bàbá lóògùn, ó ní kí wọ́n ṣì máa yọ ọ́ sílẹ̀ títí èrìgì á fi san.

Bàbá ti ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ń fara balẹ̀ jẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbejì á dìde, ọkọ á lọ sùn nítorí pé ìdájí ló ń gbé mọ́tò jáde. Ìyá Ìbejì nìkan ló máa ń jókòó tì wọ́n.

“Lọ sùn, ìyàwó wa. Mo lè dá jẹ ẹ́.”

“Mo ń lọ, Bàbá. Ẹ jẹun.”

Á gbé orí lé apá lórí tábìlì, ojú rẹ̀ á máa pa dé. Bí ìró ṣíbí bá ti dákẹ́, á la ojú kan, á fi wo àwo Bàbá bóyá oúnjẹ ṣì kù níbẹ̀.