Ohun Tó Ń Wọ Inú Ìkòkò Ògì

Ìwé nóòtù tí mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Apá iwájú rẹ̀ kún fún àwòrán gbòǹgbò àti ewé. Bí ènìyàn bá ṣí i láti ẹ̀yìn, àkọsílẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ mi ni yóò bá níbẹ̀. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́, nítorí ìwé náà ni ó jẹ́ kí n lè fún ọmọbìnrin mi lọ́yàn títí ó fi rìn.

Ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ènìyàn, Raji Rasaki Estate ni a ń gbé, ní Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ epo láti Satellite Town, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó fojú kàn án. Èmi tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbàlagbà ní Festac, kí n lè ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Nígbà tí mo bímọ, mo gba àyè oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ olùkọ́, ìyá ọkọ mi sì wá láti Ìkìrun láti bá wa wẹ ọmọ.

Màámi ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní àràárọ̀, wọn a gbé abọ́ ògì gbígbóná ka iwájú mi kí ọyàn lè wá dáadáa.

“Ìyàwó mi, mu ún tán.” Wọn a nawọ́ sí ẹnu mi, wọn a sì nawọ́ sí àyà mi. “Ohun tó bá gba ibí wọlé ni ọmọ máa rí mu níbẹ̀yẹn.”

Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sú, tí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ sì le bí èèpo. Bí ó bá mu ọyàn tán, a máa ká ara kò, a sì bì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìlédìí rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní ọmọ náà ń wúwo sí i bó ṣe yẹ, òun kò sì rí àìsàn mìíràn; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àlẹ́jì, pé ara rẹ̀ ń kọ oúnjẹ kan. Oúnjẹ tí ìyá bá jẹ a máa gba inú ọyàn dé ara ọmọ, ti wàrà màlúù ni wọ́n sì máa ń rí jù.

Nọ́ọ̀sì tí ó jókòó tì í fi kún un pé, “Ìyá Ìkókó, ẹ má dá ọyàn dúró o. Ẹ yọ mílíìkì kúrò lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí i, ẹ sáré padà wá.”

Kíkọ nǹkan sílẹ̀ kò ni mí lára. Mo fa ìlà mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìwé mi: ohun tí mo jẹ, àkókò, awọ ara, ìgbẹ́. Mo fi tíì onímílíìkì sílẹ̀, mo sì fi mọ́ọ̀tì tí a ń da mílíìkì sí fún ìyálọ́mọ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Màámi kò ju pé dókítà ní kí n dín mílíìkì kù. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí ìyàtọ̀.

“Ọyàn ẹ ni ò bá ọmọ yìí lára mu,” ni Màámi sọ. “Ra oúnjẹ agolo fún un. Àwọn tó mu agolo, ṣé wọn ò lọ yunifásítì ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mo gbà: bí kò bá sí àyípadà títí di Sátidé, n ó dá ọyàn dúró.

Ní ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti ìwé náà. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa kì í kọ́kọ́ bi wá ní ohun tí a rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Ohun tó wọ inú ìgò ni ó máa ń bèèrè. Mo tún ìlà àkọ́kọ́ kà. “Ògì” wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, kò sì sí ọ̀kan tí mo fi ọwọ́ ara mi pò. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń fi sí ògì yìí tó fi ń dùn báyìí?”

Inú wọn dùn. “Ṣíbí mẹ́rin ni mo ń bù sí i! O ò mu tíì mọ́, o ò mu mọ́ọ̀tì mọ́. Mo ní o fẹ́ tín-ín-rín bíi ti àwọn ọmọge Festac ni. Ṣé kí n wá máa wòran kí ọyàn gbẹ?”

“Ṣíbí mẹ́rin kí ni, mà?”

“Mílíìkì ni!”

Mo jókòó lórí àpótí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo sọ pé kí a dín in kù, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ìlédìí àárọ̀ ọjọ́ náà wá, mo fi ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n gba ìlédìí náà lọ́wọ́ mi.

“Àṣé èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi fún un.”

“Rárá, mà. Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀.”

Wọ́n gbé agolo mílíìkì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí a ń jẹ níyà.

Sátidé dé, a jẹ́ kí ó kọjá lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti ń dán. Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ní kí n tún mu mílíìkì wò kí ó lè dá wa lójú. N kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láìṣe bẹ́ẹ̀, àbá lásán ni ohun tó wà nínú ìwé mi. Mo mu ún ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́rú, òwú pupa náà padà. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Wọn kò pariwo. “Kọ ọ́ sílẹ̀” ni wọ́n sọ.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu mi. Wọ́n bi oníbúrẹ́dì kan ní Festac bóyá mílíìkì wà nínú búrẹ́dì rẹ̀. Ó fi ìgbéraga dáhùn pé, “Ó kún fọ́fọ́, mà!”

“Máa jẹ ẹ́ fúnra ẹ,” ni Màámi wí, wọ́n sì dá búrẹ́dì náà padà fún un.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí kíláàsì, wọ́n pè mí láti ilé ìdáná kí omi tó hó. Ògì nìkan ló wà nínú abọ́. Wọ́n gbé agolo ṣúgà sókè kí n lè rí i, wọ́n bu ṣíbí kan sí i, wọ́n dé e padà.

“O rí i àbí? Lọ kọ ọ́ síwèé.”

Mo kọ ọ́ síwèé kí n tó mu ún.