Ilẹ̀kùn Abẹ́ Pepele

Òórùn pákó tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ń rántí ilé ìdáná wa ní Maitumbi, ní ìlú Minna, pákó tútù àti kẹrosíìnì tí mo wọ́n sí gbogbo igun ilé. Títí dòní, bí mo bá kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ káfíńtà kọjá, àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìwọ tó o mọ̀ mí, o mọ̀ pé ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí. Mo ti bẹ̀rù èsì ìdánwò, mo ti bẹ̀rù fóònù tó dún láàárọ̀ kùtù, mo ti bẹ̀rù kí n kí ènìyàn kó má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yàtọ̀, torí pé kì í ṣe nítorí ara mi.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà kí wọ́n tó kú, wọn ò sì parí ilé ìdáná. Wọ́n da pepele sìmẹ́ǹtì gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù pín abẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta, wọ́n ní àwọn máa ṣe ilẹ̀kùn sí i tó bá yá. Kò yá. Ìyá mi ta okùn síwájú rẹ̀, wọ́n fi kọ́tìnì àtijọ́ bò ó, bí o ti máa rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Minna. Ìkòkò, abọ́, gààrí, epo, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn. Ìyá mi kì í wo ibẹ̀ kí wọ́n tó mú nǹkan. Wọ́n á fi ọmọrogùn kan etí pepele, kọ́, kọ́, kọ́, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ kọ́tìnì, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ló sì máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ kíkàn yẹn. Mo rò pé orin tiwọn ni, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń súfèé bí wọ́n bá ń dáná.

Lọ́dún tí mo parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ní Gidan Kwano, tí mo padà sílé láti máa retí kí wọ́n pè mí fún àgùnbánirọ̀, ojú ìyá mi ti ṣókùnkùn gan-an. Wọ́n gbà wọ́n sí ọsibítù kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tẹ̀ lé wọn lọ, èmi ni mo ń ṣọ́ ilé. Òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà yẹn, igbó ẹ̀yìn ilé wa sì ti ga dé ìbàdí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ mú ìkòkò kékeré láti fi po ògì. Mo gbé etí kọ́tìnì sókè. Nǹkan dúdú kan nà sórí sìmẹ́ǹtì, ó nípọn bí àtàǹpàkò mi, ó ń dán. Mo rò pé okùn ni. Okùn náà wá fa ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ.

N kò pariwo. Ohùn mi ò jáde. Bí o bá bi mí léèrè ohun tí mo rò, mi ò rò pé ó máa bù mí jẹ. Ọwọ́ ìyá mi ni mo rí. Mo rí i kedere, òrùka ìgbéyàwó lórí ìka tó ti wú, tó ń wọ abẹ́ kọ́tìnì yẹn lọ, nígbà tí báńdéèjì bo ojú kan, tí ojú kejì ò sì ríran dáadáa. Ọjọ́ mélòó kan ló kù kí wọ́n dé.

Mo sáré lọ pe Alhaji, ará Ìlọrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ti pẹ́ ní Minna débi pé Hausa ni wọ́n fi ń bínú, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣàwàdà. Wọ́n mú ọ̀pá kan wá.

“Báwo ni ìrù ẹ̀ ṣe rí?”

“Dúdú, sà. Ó ń dán.”

“Kó má jẹ́ sèbé.” Wọ́n fi ọ̀pá gbé etí kọ́tìnì sókè. “Tó bá jẹ́ òun ni, ojú ló máa ń tutọ́ sí.”

Ojú. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ènìyàn, ojú.

Alhaji fi ọ̀pá wọ́ gbogbo ìkòkò jáde, àfi ọ̀kan. Ìkòkò irin ńlá tí ìyá mi máa ń fi se oúnjẹ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ wà ní igun tó jìn jù. Bàbá mi ti gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó da pepele, wọn ò sì ronú bó ṣe máa jáde. A kàn ń lò ó níbẹ̀ bí àpótí gààrí ni, tó bá sì di ọjọ́ àjọ̀dún, ìkòkò ẹlòmíràn ni a máa ń yá. Alhaji lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dún bí agogo, kò sí ohun tó mira. Wọ́n wá nawọ́ sí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ògiri. “Ibí ló gbà. Ó ti lọ. Wallahi, ó ti lọ.”

Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, mo sì gbà wọ́n gbọ́, torí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣòro tàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo po sìmẹ́ǹtì, mo dí ihò yẹn pa, mo sì wọ́n kẹrosíìnì sí gbogbo igun ilé, torí wọ́n ní ejò kì í fẹ́ òórùn rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé kọ́tìnì ò lè dá nǹkan dúró, ilẹ̀kùn ló lè dá a dúró. Káfíńtà tí mo pè ní òun máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá mi ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ni mo bá lọ sí ibi tí wọ́n ń ta pákó, tí àwọn Hausa ń pè ní kasuwar katako, mo ra pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti àjákù pílàì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó dínwó jù. Òjò ti pa wọ́n níbi tí wọ́n tò wọ́n sí. Wọ́n tutù lọ́wọ́ mi bí ẹja.

Ayùn bàbá mi, òòlù wọn àti téèpù kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ tí mo ní. Mo gé pákó mẹ́rin mẹ́rin, mo fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó so wọ́n pọ̀ bíi férémù fọ́tò, mo sì kan pílàì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá igun rẹ̀ ṣe déédéé, táìlì kan tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń ṣe ilé ìwẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. N kò ní ohun tí mo lè fi dì í mú títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ, ni mo bá gbé ọlọ ìyá mi lé e. Bẹ́líìtì àtijọ́ bàbá mi ni mo gé sí mẹ́ta, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi ṣe ìmú ilẹ̀kùn. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò ṣe. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri. Ní ojú mi lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àyè, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀nà ejò ni. Mo gé ilẹ̀kùn náà ṣe rẹ́gí tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ò lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Alhaji yọ orí lórí fẹ́ǹsì. “Gírádúéètì! Kí lò ń kàn? Pósí?”

“Ilẹ̀kùn ni, sà.”

“Haba! Ilẹ̀kùn tó rí pẹlẹbẹ báyìí? Ta lo fẹ́ sin?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá padà sídìí pákó mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dé, mo kó àwọn ìkòkò padà, mo tú kọ́tìnì, mo sì fi híńjì kọ́ ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ṣí, wọ́n padé, wọ́n lẹ́wà lójú mi. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Níbi tí mo ti ń fọ eyín láàárọ̀ ni èrò kan ti dé bá mi tí omi ẹnu mi fi dà sára aṣọ: bí kò bá lọ ńkọ́? Bó bá wà lẹ́yìn ìkòkò irin yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo ń dí ihò, tí mo ń kan ìṣó, a jẹ́ pé èmi ni mo tì í mọ́ àwọn ìkòkò ìyá mi. Mo fi etí lé ilẹ̀kùn igun. Mo gbọ́ nǹkan kan tó ń họ bí ewé gbígbẹ, àbí ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo gbọ́, n kò mọ̀. Mo di bẹ́líìtì mú, mo fà á. Kò ṣí. Pákó tútù náà ti mu omi sí i, ó ti wú, ó ti há. Ṣé o mọ̀ pé inú mi dùn? Mo dúpẹ́ pé kò ṣí, bí ẹni pé ohun tí n kò bá rí kò sí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn káàbọ̀. Báńdéèjì funfun bo ojú ọ̀tún ìyá mi, wọ́n fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ẹrù kalẹ̀ níta, ó ń kìlọ̀ pé dókítà ní nǹkan ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ìyá mi ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìdáná.

“Ẹ jókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé omi kaná fún yín.”

“Ṣé ọwọ́ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún?”

Ọwọ́ wọn wá kọ́tìnì, pákó ló bá. Wọ́n dúró. “Kí lèyí?”

“Ilẹ̀kùn ni, mà. Èmi ni mo ṣe é.”

Wọ́n fọwọ́ tọ etí rẹ̀ yí ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ìka wọn fi kan ìmú rẹ̀. “Bẹ́líìtì bàbá yín nìyí.” Wọ́n fà á. Kò ṣí. Wọ́n wá fi ọwọ́ kejì ti pepele kí wọ́n lè fà á dáadáa. Ká ní mo ti ṣe é bó ti yẹ kí n ṣe é, ìfà àkọ́kọ́ yẹn ì bá ti ṣí i. Ní àárín ìfà kìíní àti ìkejì ni ohùn mi jáde.

“Ẹ má ṣí i! Nǹkan wà níbẹ̀!”

Wọ́n rọra yọ ọwọ́. “Nǹkan wo?”

N kò lè pe orúkọ rẹ̀. Nínú ilé wa, a kì í pe orúkọ yẹn nígbà tí ẹni tó ni ín bá wà nítòsí. “Okùn ilẹ̀,” ni mo wí.

“O rí i?”

“Ìrù ẹ̀ ni mo rí. Alhaji ní ó ti lọ.”

“O wá tì í mọ́lé.” Wọn ò sọ ọ́ bí ìbínú. Ẹkún ni mo fi dáhùn.

Ìyá mi ò sunkún, wọn ò sì pariwo. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbayawu. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ pe Alhaji kí wọ́n dúró lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n ki okùn aṣọ bọ inú bẹ́líìtì náà, kí n sì mú etí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Wọ́n wá béèrè ọmọrogùn wọn. Wọ́n nà án, wọ́n fi kan etí pepele tó sún mọ́ wa, kọ́, kọ́, kọ́.

“Àgò o,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé. “Àgò o.”

Wọ́n dúró. Níbi tí wọ́n ti dúró yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Kì í ṣe orin.

“Fà á,” ni wọ́n wí.

Mo fà á. Ilẹ̀kùn ké, ó já wá lójijì, mo sì fi ìdí jókòó. Kò sí ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ìkòkò irin, ó gùn ju bí mo ti rò lọ, ó dúdú, ó ń dán, ó sì gbé orí sókè láàárín ilé. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀. Mo dìde, mo yí ìyá mi kọjú sí ògiri, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú wọn, mo di ojú tèmi náà. Mo ń retí itọ́ lẹ́yìn ọrùn mi. Ohun tí mo gbọ́ ni híhọ yẹn, bí ewé gbígbẹ, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ohùn Alhaji wá gba gbogbo àdúgbò, wọ́n ń fi Hausa ké pé ejò náà nìyí: “Ga shi nan! Ga shi nan!”

Nígbà tí a jáde, Alhaji wà lórí àgbá omi, ọ̀pá wọn wà nílẹ̀. Ejò ti wọ igbó.

“Alhaji,” ni ìyá mi wí, “ẹ̀yin lẹ ní ó ti lọ.”

“Ó ti lọ báyìí, Ìyá.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di báńdéèjì ojú wọn mú. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a jókòó ti tíì, wọ́n sọ fún mi pé igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà tí àwọn kọ́kọ́ kó dé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn débi pé àwọn ò fẹ́ wọ ilé ìdáná. Ni àwọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè ráyè kúrò.

“Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín, mà?”

“Lójoojúmọ́.”

Mo ti máa ń rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà nínú ilé yẹn, pé àwọn yòókù ní ohun kan tí wọn ò fún mi. N kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe fọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo fi sáńpépà ha etí ilẹ̀kùn náà, mo fi àyè sílẹ̀ bó ti yẹ. Àwọn ilẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ojú ọ̀tún ìyá mi ti là, wọ́n ń rí ìṣó tó wọ́ níbi tí mo ti kàn án, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlú mìíràn ni mo wà báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pè wọ́n, ilé ìdáná ni wọ́n sì máa ń wà. A ó máa sọ̀rọ̀ lọ, mo wá gbọ́ ọmọrogùn lára pákó mi, kọ́, kọ́, kọ́. Èmi náà á dákẹ́, fóònù létí mi. Bí mo bá gbọ́ tí híńjì ké, ni mo tó máa ń mí.