Ìdí Ìbọn Bàbá Ìyàwó Mi

Òórùn òrí tí a fi pa igi ọ̀gànwó ni mo fi ń rántí bàbá ìyàwó mi. Ọdẹ ni bàbá náà ní ìlú Datcha, èmi agbẹ́gi sì ni mo gbẹ́ ìdí ìbọn rẹ̀ nígbà tí mo ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń sùn lé ìbọn, mo gbẹ́ igi náà títí tó fi bá èjìká rẹ̀ mu. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá dé, bàbá á gbé ìbọn jáde, á ní, “Ọkọ ọmọ mi ló gbẹ́ ẹ.” Èmi náà á wú bí ẹ̀wà inú omi. Mo rò pé kò sẹ́ni tó lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi, òmùgọ̀ ni mí.

Àbúrò ìyàwó mi wá lọ fẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìsédò Nangbéto tó ń pèsè iná mànàmáná, ọkùnrin tó ń sọ Faransé fún ewúrẹ́ pàápàá. Lọ́jọ́ ọdún kan ló gbé ìdí ìbọn tí wọ́n fi rọ́bà ṣe wá fún bàbá. Ó dúdú, ó ń dán, ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Ó ní òjò kò lè bà á jẹ́, ikán kò sì ní jẹ ẹ́. Bàbá tú tèmi kúrò, ó fi rọ́bà sí i. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni tèmi balẹ̀ sí, adìẹ ń sùn lé e. Mo jowú débi pé oúnjẹ kò wọ ọ̀fun mi. Mo ń bi àwọn ọdẹ bóyá wọ́n ti rí àga rọ́bà tí kì í ṣẹ́, tí wọ́n á fi wá gbé ẹ̀tù àti iná lé rọ́bà lọ́wọ́. Ìyàwó mi bi mí pé, ṣé ìbọn ni mò ń bá jà ni, àbí ọkọ àbúrò òun?

Rọ́bà náà kò ṣẹ́ o. Fífúyẹ́ rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Níbi ìsìnkú ọdẹ kan, bàbá yìnbọn sókè, ìbọn ta padà gbá a léjìká, èjìká sì wú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí bàbá ránṣẹ́ pè mí, mo gbé irin iṣẹ́ mi dání, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí kó ní kí n dá igi mi padà. Ó ṣí ẹ̀yìn rọ́bà náà hàn mí. Inú rẹ̀ ṣófo.

“Àna mi, ìbọn yìí fúyẹ́ jù. Bá mi fi igi sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Má jẹ́ kí ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ gbọ́, ojú á tì í.”

Mo bi í pé, “Bàbá, ti àkọ́kọ́ ńkọ́?”

“Òjò ti ń mú kó wú tipẹ́. Mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ ni.”

Mo lé adìẹ dìde lórí ìdí ìbọn mi àtijọ́, mo gbẹ́ ẹ kéré, mo tì í sínú rọ́bà. Ìbọn kò ta bàbá mọ́. Gbogbo ọdẹ ń sọ pé rọ́bà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọkọ àbúrò ìyàwó mi sì ń yan kiri. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo panu mọ́.

Bàbá ti dolóògbé báyìí. Ẹbí sọ pé ọkọ àbúrò ìyàwó mi tó mú rọ́bà wá ni kó jogún ìbọn. Bó bá ti gbé e wá sílé lọ́jọ́ ọdún, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wá gbà fún rọ́bà báyìí?” Mo máa ń ní mo ti gbà. Màá wá gbé ìdí ìbọn náà súnmọ́ imú. Òórùn òrí ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí n tó dá a padà fún un.