Ìtanràn Tí Mo San ní Kàbà Lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí màmá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tó ń tú àpò mi wò bí aṣọ́bodè. Ìjẹ̀bú-Òde ni à ń gbé, Kàbà ni mo ń lọ, ayọ̀ kò sì jẹ́ kí n fojú kan oorun. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi kí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè ṣe ọdún wọn. Ní ọ́fíìsì wa, àwa tí a kò tẹsẹ̀ kan ojúbọ rí la máa ń yọ̀ jù, nítorí oorun la fi ń ṣe ọdún náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Fẹ́mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, fẹ́ mú mi lọ sí ilé wọn kí ìyá bàbá rẹ̀ lè rí mi.

"Àwọn ará Kàbà yìí," ni màmá mi wí, "ṣé Yorùbá ni wọ́n àbí Gàm̀bàrí?"

"Yorùbá ni wọ́n, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní Àríwá?"

Ó fa síìpù àpò náà pa. "Ó dáa. Bí wọ́n bá gbà ẹ́, pè mí lórí fóònù. Bí wọn ò bá gbà ẹ́, má wulẹ̀ pè mí, ṣáà máa bọ̀ nílé rẹ."

Ẹ má fi màmá mi rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, àdúrà ọkọ tí ó ti gbà lórí mi, bí wọ́n bá fi kọ́ ilé, ilé náà á ti dé òrùlé.

A wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ó di Àkúrẹ́. Nígbà tí a dé Oǹdó, òrùn ti yọ, mo sì ti jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tó yẹ kí èmi àti Fẹ́mi jọ jẹ. Ní Àkúrẹ́ a bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Kàbà. Owó tí awakọ̀ náà pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí a san láti ilé. Nígbà tí mo figbe ta, ó ní, "Àǹtí, ti àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀nà lẹ san owó ẹ̀. Èyí, kòtò lẹ fẹ́ san owó ẹ̀, ó sì pọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Láti Adó dé Ìkọ̀lé, ara rọ̀ wá díẹ̀. Lẹ́yìn Òmùò ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tó ń yà bàrà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, tí orí mi ń kan òrùlé, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n gbé gun kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn òkè olókùúta dúró gbọnrangandan lápá méjèèjì, oko iṣu sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni Fẹ́mi ti fajú ro, tó ní òun ní ohun tí òun fẹ́ sọ fún mi.

"Iye kì í kọ ènìyàn," ló wí. Iye ni wọ́n ń pe ìyá lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pe ìyá àgbà náà.

"A dúpẹ́ nígbà náà."

"Má tíì dúpẹ́. Kì í kọ ènìyàn, ó máa ń ṣe é lálejò ni. Ẹni tí bùrọ̀dá mi kọ́kọ́ mú wálé, Iye fún un ní àga tó dára jù, ó fún un ní iwe adìẹ, ó di iṣu fún un nígbà tó ń lọ. Inú ọmọbìnrin náà dùn débi pé ó kọrin dé gáréèjì. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà kò dìde mọ́. Bí Iye bá ti tọ́jú ẹ dáadáa, a jẹ́ pé ó ti parí."

Mo wò ó títí. "Kí ni kí n wá máa gbàdúrà fún? Kí ó nà mí?"

Ó fi odidi wákàtí kan ka èèwọ̀ ilé wọn fún mi: ibi tí obìnrin kì í jókòó sí, ọwọ́ tí a kì í fi gba omi, ohun tí a kì í pè lórúkọ láàárọ̀. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹ rántí pé mo ní ó ka èèwọ̀ fún mi o.

Ní Ìyàmoyè, ọkọ̀ dúró kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin to iṣu sẹ́bàá títì bí ẹni to ìdì igi. Ìyá kan kí wa pé, "Okun o!" Mo kọ́kọ́ wá òkun káàkiri. Fẹ́mi ní ìkíni wọn ni: ẹ kú ọ̀nà wà nínú ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, pẹ̀lẹ́ náà wà nínú ẹ̀, ìkíni ọ̀hún ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo ẹ̀yà wọn, láti Ìyàgbà títí dé Bùnù. Àwa Ìjẹ̀bú a ní ìkíni fún gbogbo wákàtí. Àwọn fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ láṣeyọrí. Mo ń kí gbogbo ohun tí mo bá rí ní "Okun o", títí kan ewúrẹ́.

Mo bi awakọ̀ wa pé báwo ni Kàbà ṣe máa ń ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe.

"Èwo nìyẹn?"

"Ìsinmi ọ̀la."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìsinmi kẹ̀? Ọ̀la, iṣẹ́ ni níbí. Ti ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa, táyà ẹ̀ á ti jò ní Òmùò."

A wọ Kàbà bí òrùn ti ń rọlẹ̀. Bàbá Fẹ́mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wọn, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Alhaja, tí ilé rẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ, sá jáde pẹ̀lú híjáàbù lọ́rùn, "Sannu, sannu, ẹ kú ọ̀nà!" Nínú ilé yẹn, ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń se oúnjẹ ìtúnu ààwẹ̀, ará mọ́sáláṣí máa ń ran aṣọ Kérésì, kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan bàbàrà.

Iye jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tín-ín-rín, ó we gèlè funfun, ojú rẹ̀ mú ṣáṣá. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Okun, àlejò wa." Ó ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún mi. Mo ka ọ̀kan. Wọ́n gbé omi wá lórí àwo. Mo ka èjì. Nígbà tí wọ́n gbé iyán dé, tó funfun, tó ń fà, mo ṣí ọbẹ̀: iwe adìẹ ló wà lókè, tó jókòó bí ọba. Mo wo Fẹ́mi. Fẹ́mi ń wo ilẹ̀.

Mo jẹ iwe náà. Ó dùn, kí n má purọ́. Mo ń lá ọwọ́, mo sì mọ̀ pé oúnjẹ ìdágbére ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ léèsì funfun nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò yìí, àwọn oníṣẹ̀ṣe á ti wà láàárín ìlú nínú funfun, pẹ̀lú orin àti ìlù. Ní Kàbà, ilé ìfowópamọ́ ṣí, ọ́fíìsì ìjọba ṣí, àwọn obìnrin ń gbé ẹrù lọ sọ́jà. Ọlọ́kadà tó gbé èmi àti Fẹ́mi yí ìlú ká bi mí bóyá wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún mi ni.

Nígbà tí a padà, mo sọ fún wọn lọ́dẹ̀dẹ̀ pé ó yà mí lẹ́nu. Bàbá ní, "Wọ́n ka àwa mọ́ Àríwá láti ayé àwọn òyìnbó. Bí ẹ̀yin bá ń ṣọdún Yorùbá, wọ́n á ní a kì í ṣe ara yín. Bí àwọn ará òkè Àríwá bá ń pín nǹkan, wọ́n á ní Yorùbá ni wá. A ti mọ́ra."

"Àti pé," Alhaja ń ro ọbẹ̀ lẹ́nu iná, "a ti fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ẹlẹ́sìn ni gbogbo wa níbí."

"Gbogbo wa pátápátá," ni Bàbá wí.

Iye ń bó ẹ̀gúsí tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni agbọ́n kan ti fò wá, tó bà sórí gèlè Iye. Mo rí ìdí rẹ̀ tó ń yọ síta tó ń wọlé. Mo ronú pé, bí mo bá gba ìyá yìí lọ́wọ́ oró agbọ́n, bóyá wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ iwe. Mo fò dìde, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí: pà!

Agbọ́n kú. Bàbá la ẹnu, kò lè pa á dé. Fẹ́mi di orí ara rẹ̀ mú. Iye rọra gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó di ojú, ó ké igbe kan. Igbe náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fò kọjá ògiri.

Láti ilé kejì, igbe mìíràn dáhùn. Láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, òmíràn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, síbí ti bọ́ lọ́wọ́ Alhaja, Alhaja wa, ẹlẹ́sìn pátápátá, ó na ọrùn, ó ké e!

"Òfósì ni wọ́n," Fẹ́mi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ láti kékeré. A kì í gbá wọn lórí! Bí ọ̀kan bá ké, gbogbo èyí tó bá gbọ́ ní láti dáhùn, wọ́n á wá bá ẹni tó ṣẹ̀."

"O ka èèwọ̀ fún odidi wákàtí kan!"

"Mo gbàgbé ti orí. Ta ló máa ń gbá ìyá àgbà lórí?"

Wọ́n ti ń wọlé. Ọ̀kan gbé ọ̀pá, ọ̀kan ní tẹ̀súbà lọ́wọ́, ọ̀kan wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, tó jọ pé ìpàdé ló ti dìde. Wọ́n ń mì sọ́tùn-ún, wọ́n ń mì sósì, wọ́n ń sọ èdè kan tí Fẹ́mi, ọmọ bíbí Kàbà, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bàbá, alàgbà ìjọ, ti bọ́ fìlà, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ọdún tí mo wá kiri gbogbo Kàbà, orí ìyá àgbà kan ló wà.

Alhaja ló yí ọ̀rọ̀ wọn sí èyí tí mo gbọ́. "Wọ́n ní ta lẹni yìí nínú ilé?"

Bàbá sáré gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti gbà mí là. "Àlejò ni o! Kò mọ̀. Àlejò ni!"

Ara àwọn ìyá náà rọ̀ díẹ̀. Alhaja ṣàlàyé fún mi: wọn kì í bu ìtanràn fún àlejò. Wọ́n á wọ́n omi sí i lẹ́sẹ̀, á dìde, á máa lọ ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ọmọ ilé àti ìyàwó ilé ló ń san án: á mú àkùkọ wá, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán fún gbogbo àwọn tó dáhùn.

Ẹnìkan ti bu omi sínú igbá. Mo rí igbá náà bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ mi. Mo rí bí mo ṣe máa dé gáréèjì pẹ̀lú iṣu lórí. Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ má dà á," mo kígbe. "N kì í ṣe àlejò. Mo ti jẹ iwe yín lánàá, mo tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kí n san án!"

Gbogbo wọn yíjú sí Iye. Ó la ojú, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, lédè tí mo gbọ́.

"Ẹ fún un ní odó."

Fẹ́mi fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó igi tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Àwọn ìyá àgbà hó yèè. Èmi tí mo ń yọ̀ jù kò tíì mọ ohun tí mo wọ̀ sí: ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, gaàrí ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Mo gún iyán títí funfun mi di aṣọ amọ̀kòkò, títí ọwọ́ mi fi lé ròrò. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sọ pé ọmọ odó mi ń bẹ̀rù iṣu. Àkùkọ tí Fẹ́mi rà sá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo gún iyán tán, kókó inú rẹ̀ kò kéré. Gbogbo wọn jẹ ẹ́, ìyá ìjọ gbàdúrà sí i, Alhaja ṣe bísímílà. Wọ́n kò fún mi ní iwe. Ọrùn ni mo jẹ, lórí àpótí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí à ń lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó di iṣu fún mi. Iye kò dìde níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Iyán rẹ kò dára. Bí o bá ń bọ̀, gbé gaàrí Ìjẹ̀bú yín wá, kí n mọ ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Nínú ọkọ̀, mo ń ro ọ̀rọ̀ ìsinmi tí mo fi lọ sí Kàbà. Lọ́dọ̀ wa, ìjọba ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì sùn ún tán. Lọ́dọ̀ wọn, kò sí ọjọ́ kankan, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn ti fi ìṣẹ̀ṣe sílẹ̀. Ẹ ṣáà má gbá a lórí. Ọ̀nà Òmùò tún fi wá ṣeré, inú mi dùn sí gbogbo kòtò rẹ̀. Mi ò pe màmá mi. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò.

Òun ló ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnìkan ru nǹkan bọ̀. "O ò pè mí," ló wí. "Wọn ò sì fún ẹ ní iṣu kan ṣoṣo?"

"Rárá, Màmá."

Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì tó ti lé ròrò síwájú rẹ̀. "Odó ló ṣe é. Mo gún iyán fún gbogbo ìyá àgbà àdúgbò wọn. Ìyá àgbà ilé ọkọ mi sì ní kí n gbé gaàrí dání bí mo bá ń padà lọ sọ́dọ̀ wọn."

Màmá wọ ilé ìdáná lọ, mo gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Àpò gaàrí rẹ̀ ló gbé jáde, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ìborùn nu ojú.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ padà lọ?" ló bi mí.